Ilẹ̀kùn Ẹ̀gbẹ́

Ọdún mẹ́ta ni mo fi mu omi Òṣíẹ̀lẹ̀,
tí wọ́n ń pè mí ní tíṣà kí n tó mọ ẹni tí mo jẹ́.
Àwọn ẹgbẹ́ mi ti gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọ Alábàtà;
JAMB já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
máàkì mẹ́fà péré.
Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ló kù.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣódẹ̀ndé ló ń tọ́jú èsì wa.
“Padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.” Mo padà.
“Kò síná.” Mo jókòó
sí kọ́rídọ̀ títí alángbá ara ògiri fi dá mi mọ̀.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án ó na àpòòwé sí mi,
kò wojú mi, ó ní, “Má padà síbí mọ́ o.”
Mo ṣe àmín.

Ìyá mi ta maṣíìnì ìránṣọ,
ó ní ojú òun ti ń ṣe bàìbàì.
Irọ́ ni. Abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀ lálẹ́ àná,
òun ló rí i.

Ipele kejì ni wọ́n fi mí sí.
Àwọn tí mo bá ní kíláàsì ti fún ara wọn lórúkọ ìnagijẹ;
ọ̀kan bi mí pé, “Àńtí, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ wa ni?”
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
eruku ọ̀kadà ṣì wà ní ìpéǹpéjú mi.

Mo wá àyè lẹ́yìn, mo ṣíwèé.
Erùpẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́:
bí òjò ṣe ń gbé e kúrò níbì kan,
bí ó ṣe ń tẹ̀dó síbòmíràn,
tí wọ́n á sì máa pè é ní ilẹ̀ níbẹ̀.