Bojúwẹ̀yìn

Alẹ́ Sátidé, a fún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì
nínú gbọ̀ngán Ṣólékàn, ẹ̀yìn pápá Kámpọ́ọ̀sì.
Igba náírà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí àwìn,
àtèmi tí mo bá a lẹ bàtà lọ́fẹ̀ẹ́ lánàá.

Òtútù ń mú wọn ní Ítálì.
Èéfín ń yọ lẹ́nu àwọn agbábọ́ọ̀lù
bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.
Ọmọ wa wà láàárín pápá, nọ́ńbà mẹ́jọ,
orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ gba ẹ̀yìn aṣọ láti èjìká dé èjìká:
ÀNÍMÁṢAHUN.
Ó há sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ́fun bí eegun ẹja.
Nígbà tó sú u, ó ní "ọmọ Amẹ́ríkà yẹn".

Òótọ́ ni. Óháíò ni wọ́n bí i sí,
Amẹ́ríkà ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún,
Jímù ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.
Ṣùgbọ́n Nọ́jíìmù ni Ìyá Àgbà fi kí i wọlé
lọ́dún tó wá lo ọlidé ní Òpópónà Bámgbóṣé,
ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́,
Yorùbá rẹ̀ ń tiro,
bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ nìkan tó ohun tí mo ń rí lóṣù mẹ́ta.

Sẹ́ẹ̀tì kẹta la fi í sí.
Òkúta méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, títì ni pápá.
Ó gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ó dorí kodò bí ẹni tí owó rẹ̀ jábọ́;
kó tó gbójú sókè, Sàmínù ọlọ́kadà ti dé,
búrẹ́dì mẹ́fà lẹ́yìn, bíréèkì kò sí níwájú.
Gbì!
Ọmọ ṣubú. Búrẹ́dì fọ́n ká.
Orúnkún bó, bàtà ya lẹ́nu.
Ìyá Àgbà sanwó búrẹ́dì,
a gbọn iyanrìn kúrò lára rẹ̀, a jẹ ẹ́, òun náà jẹ.
Èmi ni mo rán bàtà yẹn.
Àádọ́jọ náírà. Ó ní òun á mú un wá lọ́la.

Láti ọjọ́ náà ni ọrùn rẹ̀ kò ti sinmi mọ́.
Kí bọ́ọ̀lù tó dé, á wo ọ̀tún,
á wo òsì, á bojúwẹ̀yìn,
bí ọmọ tó fẹ́ yọ ẹran nínú ọbẹ̀.
A fi í rẹ́rìn-ín títí. A sọ ọ́ ní Mẹ́gáàdì.

Ẹ wò ó báyìí.
Ìṣẹ́jú kẹtàdínlọ́gọ́rin, òdo sí òdo.
Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lókèèrè. Ó bojúwẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.
Lẹ́ẹ̀kejì.
Òmìrán kan ń já bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kadà tí kò ní bíréèkì.
Ọmọ náà kò tilẹ̀ dá bọ́ọ̀lù dúró,
ó la ẹsẹ̀, ó jẹ́ kó kọjá, ó yí,
òmìrán kọ lu afẹ́fẹ́.
Ó wá ní bọ́ọ̀lù, ó ní àyè, ó lè gbá a wọlé fúnra rẹ̀,
ó tì í fún ẹlòmíràn.
À-ní-má-ṣahun.
Gó-ò-ò-lù!

Bẹ́ǹṣì kan kán lábẹ́ wa.
Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì
ló ti kọ́ ọgbọ́n ọrùn yẹn.
Irọ́ ńlá!
Sàmínù dìde níwájú, ẹni tí ìjọba ti gba ọ̀kadà rẹ̀,
ó ń lu àyà: "Èmi ni! Èmi ni tíṣà rẹ̀!"
Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ọdún mọ́kànlá rèé. Ìyá Àgbà ti lọ.
Ọmọ náà kò tíì padà wá,
n kò sì bèèrè àádọ́jọ náírà mi,
tí kò lè ra abẹ́rẹ́ mọ́.
Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún góòlù náà fi hàn,
níbi tó ti bojúwẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì yẹn,
ojú rẹ̀ kún ògiri, ó ń wo inú gbọ̀ngán wa gan-an,
ó ń wá nǹkan.

Mo juwọ́ sí i.
Gọ́ọ̀mù ṣì wà ní ìka mi.