Ìgbálẹ̀ Ìyá Fabrègues

Òpópónà wa ò gùn; àtẹ̀gùn ló ní,
atẹ́gùn òkun náà ò sì gbẹ́yìn.
Bí o bá ti ìsàlẹ̀ Màsẹ́ì gòkè wá bá wa,
orúnkún rẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀
kí etí rẹ tó gbọ́ nǹkan kan.

Ṣọ́ọ̀bù alápatà ni ilé orin yìí tẹ́lẹ̀.
Ìkọ́ tí wọ́n fi ń so àgùntàn rọ̀ ṣì wà lára ògiri:
Hagop fi kọ́ ẹ̀wù òtútù,
Ghislaine fi kọ́ wáyà.
Yúrò mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà.
Bí o ò bá ní, mú ọsàn wá.

Èmi, búrẹ́dì ni mò ń yan. Aago mẹ́ta òru ni mò ń tanná sí ààrò,
nítorí náà n kì í sùn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.
Oorun ti mọ̀ mí, kì í bá mi jà.

Irú orin wo ni wọ́n ń kọ níbẹ̀? Má bi mí.
Mroivili gbé gìtá kékeré erékùṣù baba rẹ̀ lé itan,
Hagop ń fọn fèrè igi tó ń dún
bí ẹni tó gbé ẹkún mì tí ẹkún ò lọ.
Ghislaine, tó fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì,
fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì kan nílẹ̀,
fáólínì rẹ̀ sì bú bí alùpùpù tí ọ̀fun rẹ̀ dí.
Mezyan ò tíì pé ogún ọdún. Ìlù rẹ̀: garawa, páànù, ìdérí ìkòkò.

Orin ìgbéyàwó kan gbéra, ó di jáàsì kó tó délé ọkọ;
jáàsì kó sí róòkì lára, róòkì bọ́ bàtà,
ó jókòó jẹ́ẹ́ bí orin ìrẹmọ.
Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Èwo tún nìyí?"
Ìyàwó rẹ̀ ní, "Mu bíà rẹ."

Ìgbà yẹn ni àjà dún.
Gbì. Gbì-gbì. Gbì.
Ìyá Fabrègues ni lókè, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ó ń fi igi ìgbálẹ̀ bá wa wí.
Ojú tì wá. Fèrè panu mọ́.
Mezyan nìkan ló gbórí sókè.
Ó fi páànù dá a lóhùn:
gbì. Gbì-gbì. Gbì.

Kẹ́kẹ́ pa. Àwa ogójì ènìyàn ń wo àjà
bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ṣíṣú òjò.
Lókè, ìgbálẹ̀ rò ó wò.
Gbì-gbì. Gbì. Gbì-gbì-gbì.

Há! Gìtá rí ẹnu ọ̀nà, ó wọlé,
fáólínì tẹ̀ lé e, fèrè gbàgbé ẹkún.
Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún gbáko.
Bóyá ìbínú ni, bóyá kì í ṣe ìbínú mọ́,
n ò gun àtẹ̀gùn lọ bi í.
Nígbà tó sinmi, a kọjú sókè, a pàtẹ́wọ́,
ẹfun àjà ń rọ́ sínú bíà wa.

Aago mẹ́ta, mò ń po ìyẹ̀fun.
Ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́:
gbì. Gbì-gbì. Gbì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wá ra búrẹ́dì.
Ó ní ariwo àná burú jáì,
òun á kọ̀wé sí olórí ìlú.
Ó ka owó rẹ̀ sórí tábìlì, kọ́bọ̀ kọ́bọ̀.
Kò tíì lọ.
"Ọmọ tó ń lu páànù yẹn,
ó ń sáré jù níparí. Bá mi sọ fún un."