Ìka Mẹ́fà Lẹ́yìn Ìlà

Oṣù kejì, Duluth. Adágún ti dì gbagidi,
ó ń ké lábẹ́ ara rẹ̀ bí igi àjà lóru.
Mo ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ táyà ràbàtà:
mo ní kó yà sọ́tùn-ún, ó kọ́kọ́ rò ó;
mo ní kó tọ́, ó ṣubú sósì
bí orí ẹni tí oorun ń kùn.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ìgbọ̀nwọ́ gba yìnyín lójú títì kan.
Mo pè é ní olóríkunkun.
Mo pè é ní orúkọ ọkọ mi àtijọ́.

Aune Lehtonen kò bá mi bú u.
Nínú gáréèjì rẹ̀ tó ń rùn fún òróró àti kọfí,
ó fi ọ̀pá tọ ọrùn fọ́ọ̀kì délẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì;
ó so nọ́ọ̀tì mọ́ okùn, ó jù ú sílẹ̀ láti àárín àgbá,
ó tún sàmì.
"Ibi tí ọrùn rẹ̀ ń nà sí nìyí.
Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹlẹ̀ nìyí, lẹ́yìn."
Ó fi ìka wọn àlàfo náà: mẹ́fà.

Ó yà mí lẹ́nu. Àgbá tí mo rò pé ó ń ṣáájú,
ẹ̀yìn ìlà ara rẹ̀ ló ń tọ̀,
bí ọmọdé tó di ìṣẹ́tí ìró ìyá rẹ̀ mú.
Bí àlàfo yẹn bá kéré jù, kẹ̀kẹ́ a máa gbọ̀n;
bó bá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ kì í tètè dé etí rẹ̀.
Táyà tó fẹ̀ sì ní tirẹ̀ nípamọ́:
jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ,
yóò fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú,
yóò máa darí ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìlá ní Ràlé kan.
Ó máa ń ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
ó ń bó ẹ̀pà jẹ.
A ní ó lóògùn.
Ìka mélòó ni oògùn náà? Ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n.

Aune wá fọ́ọ̀kì mìíràn tó tẹnu síwájú,
àlàfo dín sí márùn-ún. Ó pọ́ǹpù táyà díẹ̀,
ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń yan píà.
"Má fún un lọ́rùn mọ́," ó ní.
Ó gba ogójì dọ́là, kò rẹ́rìn-ín.

Ní ìdájí mo tún sọ̀ kalẹ̀ sétí adágún.
Mo kàn wo òpó iná tó wà ní ìkángun;
kẹ̀kẹ́ ti ń yà síbẹ̀.
Ẹ̀pà wà nínú àpò ẹ̀wù òtútù mi.
N kò tíì dán an wò.