Àlàfo Ìka Méjì

Igi páìnì ni ilé Veikko, bàbá mi àgbà,
létí adágún tó ti dì gbagidi.
Lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n dà sókè àjà
kí òtútù má baà ráyè wọlé.

Tuovi gun àkàsọ̀, ó tú iná àtijọ́ sílẹ̀.
Òbìrìkìtì dúdú kan wà lára pákó,
ó fẹ̀ tó ẹnu ife tíì.
"Ọdún mélòó lẹ ti ń jókòó sábẹ́ èyí?"
"Mọ́kàndínlógún. Kò ṣe nǹkankan rí."
Tuovi ò fèsì. Ó fi èékánná ha á,
ó ń ṣí bí èèpo iṣu sísun.

Igi kì í pariwo bó bá ń gbẹ.
Ooru díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la,
gílóòbù tó tóbi ju àyè rẹ̀ lọ,
títí igi fi gbàgbé pé òun mu omi rí.
Ọjọ́ tó bá wá rántí iná,
kò ní í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wáyà tó ti ń rún, ó gé e dànù.
Ó gbá lẹ́búlẹ́bú kúrò lẹ́nu ihò,
ó fi àwo irin sáàárín,
ó gbé iná tuntun jìnnà sí pákó ní ìka méjì
kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá.

Bàbá àgbà ń kùn:
"Ó rí bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó."
"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ."

Lálẹ́, yìnyín ń ké lórí adágún.
Mo gun àga, mo fọwọ́ kan pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.
Ó tutù bí imú ajá.
Mo tún fọwọ́ kàn án.