Owó Ibodè

Kí wọ́n tó da sìmẹ́ǹtì sínú odò yìí,
èjìká Belmiro, bàbá ìyá mi, ni afárá.
Láti Azenhal dé Fontarca, kọ́bọ̀ méjì ni.
Aboyún kì í san. Adìẹ a san ìdajì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí afárá, gómìnà gé ríbọ́ọ̀nù,
àwọn ọmọ iléèwé pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ wọn fi pọ́n.
Belmiro wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ gòkè, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀,
adìẹ sọ ọ́ dilé.
“Ẹsẹ̀ mi,” ó ní, “kò ní tẹ nǹkan yẹn láyé.”

Ogún ọdún.
Àfi òru tí àgbàrá gbé òpó méjì lọ,
tí olórí ìlú wá kanlẹ̀kùn, fìlà lọ́wọ́:
“Bàbá, òdìkejì ni agbẹ̀bí wà.”
Kò fèsì. Ó lé adìẹ jáde.

Wọ́n tún afárá mọ. Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn mọ́.

Ṣùgbọ́n Fontarca ni itẹ́ òkú wà.
A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ tí Zulmira fi ń kó àlùbọ́sà.
Agbowó ibodè yọrí lójú fèrèsé, ó kà wá:
márùn-ún tó jókòó,
ọ̀kan tó nà gbalaja.
Ó mi orí, ó ní ká máa lọ.
“Gba ti bàbá náà,” ni ìyá mi wí,
“kì í ṣe aboyún.”