Okun, Kì í Ṣe Òkun

Ọmọ etí ọ̀sà ni mí, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí.
Nígbà tí mo dé Kàbà láti wá kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀,
tí ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi wí pé, "Okun o,"
ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá omi.
Òkè ni mo rí.
Òkè níwájú, òkè lẹ́yìn,
àti igi kajú tó doríkodò
bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún kan gbáko kọjá kí n tó ráyè rìn.
Sátidé ni. A ti parí ìdánwò.
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló wà lápò mi,
fóònù mi sì ti kú, iná kò wá lóru.
Ojú mi nìkan ló ya àwòrán ọjọ́ náà.

Àkàrà mẹ́fà ní oríta, gbígbóná fẹlifẹli.
Wọ́n wé e sínú ìwé ìdánwò ọmọ ẹnì kan:
méjìlá nínú ogún, bíró pupa.
Epo ti bo gbogbo ibi tó ti kùnà.

Tísà Ìbítóyè ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́,
inú agolo mílíìkì ló ń kó o sí.
Ó fi agogo hàn mí, ó fi pákó àjà hàn mí,
ó fi ibi tí àdán ń gbé hàn mí, ó tọrọ àforíjì fún òórùn wọn.
Mo bèèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà.
Kí a tó jáde, ó ti sọ ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún mi.
Mo gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́.
Kò gba owó. Ó ní tí mo bá tún ń bọ̀,
kí n ra bátìrì rédíò méjì dání.

Ọ̀kadà gbé mi dé Ògìdì, eruku gbé wa dé pọ̀.
Ìyá àgbà kan wà nídìí òfì ìdúró,
kò gbójú sókè. "Okun."
"Okun, mà."
"Ọmọ ibo ni ọ́?" "Ẹ̀pẹ́." "Kí lẹ ń hun níbẹ̀?"
"Àwọ̀n."
Ó rẹ́rìn-ín, ó fa òwú kan ṣinṣin:
"Iṣẹ́ kan náà ni. Tiwa ni kò nihò."
Aṣọ pupa kan wà lórí okùn nínú yàrá.
Mo bèèrè iye rẹ̀.
"Ìyẹn ti lólówó," ó ní. "Ó wà nínú ilé, ó ń sùn.
Kò tíì múra tán láti wọ̀ ọ́."
Nígbà náà ni mo gbọ́ ikọ́ bàbá kan lẹ́yìn ògiri.

Ìyàlẹ́ta ti kọjá. Ebi kò mọ ìtàn.
Ìyá Bọ̀sẹ̀dé gbé iyán kalẹ̀, funfun bí ìkùukùu,
ọwọ́ wọlé, ọwọ́ jáde, kò lẹ̀ mọ́ ìka.
Ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́ tí n kò bèèrè orúkọ rẹ̀.
Nísàlẹ̀ àwo, mo rí edé kan ṣoṣo,
ó ká gúlọ́, ó gbẹ, ó jìnnà sílé.
Mo ní, "Ìwọ náà rèé?"
Ìyá Bọ̀sẹ̀dé wò mí, ó fi omi kún ife mi.

Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn kan: ẹ má jẹ iyán tán kí ẹ tó gun òkè.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo jókòó, ọmọdé kan gbé igi ìdáná kọjá lára mi, ó ń súfèé.
Ṣùgbọ́n mo dókè.
Ọyẹ́ ti bo ìlú.
Ilé kò sí mọ́, ọ̀nà kò sí mọ́,
páànù ìpatà nìkan ló yọrí, lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ọkọ̀ ojú omi tó ń dúró de ẹja.
Mo dúró títí òtútù fi mú mi létí.

Igba náírà ló kù. Mo fẹsẹ̀ rin ìdajì ọ̀nà.
Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti oko, iṣu lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀,
kí ó tó la ẹnu ni mo ti kí i:
"Okun o."
Ó dúró díẹ̀, ó wojú mi, ó ní,
"Ọmọ ta ni ọ́ ní Kàbà?"