Ẹyin Okòólénírinwó

Kíréètì mẹ́rìnlá ni mo máa ń kó láti Ọdẹ́dá,
mẹ́wàá lẹ́yìn, mẹ́rin lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi,
tí mo fi bẹ́líìtì dè bí ẹni ń gbé àna rẹ̀ relé.
Ẹyin okòólénírinwó nínú Máíkírà kan.
Kí n tó kọjá Òṣíẹ̀lẹ̀, ẹkún ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi.

Kọ̀, kọ̀, kọ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì,
bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọn ò fẹ́ ṣí.
Mo yí ohùn rédíò sókè kí n má baà gbọ́.
Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi yí ohùn rédíò sókè.

Ìyá Gàníù ní Ìtòkò ka àwọn tó fọ́ lójú mi:
mọ́kànlá.
Ó tún un kà. Mọ́kànlá.
"Ṣẹ̀gilọlá, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀.
Ṣùgbọ́n ẹyin náà, ẹyin ni."

Abẹ́òkúta: orúkọ náà ò purọ́.
Àwọn baba wa sá sábẹ́ òkúta, àwa ń wakọ̀ lórí rẹ̀.
Òkúta tó gbà wọ́n là
ló ń jẹ búṣì wa.

Ní Lafẹ́nwá, lẹ́yìn ojú irin,
Lìádì fọwọ́ tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.
Ó mì lẹ́ẹ̀kan, ó mì lẹ́ẹ̀kejì, ó mì lẹ́ẹ̀kẹta,
ó tún ń ṣe bí ẹni tí kò tíì ṣetán.
"Ọkọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀kì, ẹ̀ẹ̀kan ló ń mì, a dúró.
Èyí ti di jangirọ́fà."

Fẹ̀yìntọlá, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ,
bàtà rẹ̀ nìkan ló kù lóde.
Ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ jáde:
búṣì ti là bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́,
ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ti pọ òróró wọn tán,
sípíríǹgì ọ̀tún ti kán nídìí.
"Ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?"
Mo ń wo ojú irin.

Lìádì ní tòkúnbọ̀ wà, pé owó rẹ̀ rọjú.
Ọmọbìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ:
"Ọ̀gá, èyí tí òyìnbó ti gùn gbó, ẹyin ló máa wá gbé?"
Ni a bá ra tuntun.
Tẹ̀yìn, a mú sípíríǹgì tó nípọn jù ti àtijọ́ lọ,
irú èyí tí ẹrù kì í tètè rẹ̀ sílẹ̀.
Owó páànù ilé ìdáná mi ni.
Kí òjò ṣì máa rọ̀ sínú ìkòkò.

Nọ́ọ̀tì kan kọ̀ jálẹ̀.
Wọ́n bu kẹrosíìnì lé e, wọ́n lù ú, wọ́n bẹ̀ ẹ́.
Nígbà tí wọ́n fún sípíríǹgì tuntun pọ̀ mọ́ra,
Fẹ̀yìntọlá di èémí rẹ̀ mú, èmi náà di tèmi,
torí sípíríǹgì tó bá já mọ́ni lọ́wọ́
kì í bèèrè orúkọ.

Ó kù kí wọ́n fún bóòtù ààmù le.
Ó ní rárá, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ná, kó jókòó sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀:
"Ohun tí a bá dì nígbà tó nà,
bó bá jókòó, yíya ni yóò ya."
Lìádì kò sọ nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun òkè Ìtòkò pẹ̀lú rédíò pípa.
Mo gbọ́ táyà. Mo gbọ́ ọmọdé kan tó ń pe ajá rẹ̀.
Mo wọ inú kòtò, mo sì jáde,
gbì, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyá Gàníù kà á: ọ̀kan.
Ó ní bóyá adìyẹ ló ti yé e bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti gbé kíréètì kejì,
orúnkún òsì mi dún: kọ̀.
Mo wo apá Lafẹ́nwá díẹ̀.
Mo gbé kíréètì náà.